Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ẹ wá sọ ohun tójú yín ń rí

Olùkọ́ Ìjùmú

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo ní kí n da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ ọmọ nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ọ̀wọ̀rọ̀. Bí èsì ìdánwò bá jáde tí kò dáa, àwa olùkọ́ ni wọ́n ń nàka sí. Wọn kì í béèrè ohun tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ kó tó dé ìjókòó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ tiẹ̀. Màá kọ́kọ́ sọ tèmi.

Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún fẹ̀yìn tì, a ò rí arọ́pò, ni karùn-ún bá kún tèmi. Yàrá kan náà la wà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sáàárín bọ́ọ̀dù láti òkè délẹ̀: kẹrin ń wo apá òsì, karùn-ún ń wo apá ọ̀tún. Bí mo bá ń ṣàlàyé ìdá fún karùn-ún, kẹrin á ti da ohun tó wà níwájú wọn kọ tán, ariwo á sọ. Bí mo bá yíjú sí kẹrin, karùn-ún náà á gbé tiwọn dé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí olùkọ́ kan má ṣe ní ju ọmọ 35 lọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ká tilẹ̀ ní iye tèmi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kíláàsì méjì ni, nóòtù ẹ̀kọ́ méjì ni, ìwé kíláàsì méjì ni mo ń gbé relé lọ máàkì.

A ò tíì dé orí ti kajú. Ẹni tí kò bá gbé lápá ibí lè má mọ̀. Bó bá ti di oṣù kejì ọdún, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ìjókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Àwọn tó ń rà á á ti gbé òṣùwọ̀n wọn sí ẹ̀bá títì, ọmọ tó bá ṣà á láàárọ̀ lè tà á kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo lọ bá ìyá ọmọ kan nínú oko. Ó ní, “Tíṣà, bí òjò bá rọ̀ sí i lórí ilẹ̀, ó ti bà jẹ́ nìyẹn, wọn ò ní í rà á mọ́. Òun náà la ó fi ra ìwé tí ẹ̀ ń béèrè.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ló sọ. Mo bá a ṣà díẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa wá títí di àsìkò ìsinmi kékeré.

Ọmọ náà wá. Kò lè ṣe ìsọdipúpọ̀ tó ní àbọ̀ nínú, bí mo bá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, á kàn máa wò mí. Lọ́jọ́ kan mo pa bọ́ọ̀dù tì, mo ní, “O kó kajú kìlò mẹ́fà àbọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, kìlò kan jẹ́ ₦1,200. Eélòó lo máa gbà?” Ó gbójú sókè díẹ̀. Ó ní mẹ́fà jẹ́ ₦7,200, àbọ̀ jẹ́ ₦600, ó wá di ₦7,800. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti yọ ìwọ̀n àpò kúrò?” Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí iye tí wọ́n ń yọ fún àpò, àti kẹrin àti karùn-ún. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fi òṣùwọ̀n kọ́ wọn ní ìṣirò, ó sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò kò mọ òṣùwọ̀n kajú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré kìlómítà báyìí ní wákàtí báyìí ló wà nínú rẹ̀, ọmọ tí kò rí ọkọ̀ ojú irin rí ló fẹ́ dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Tíṣà Ìṣirò, Ìsánlú

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ gidi. Tèmi yàtọ̀, girama ni mo wà. Ìṣirò ni mo kàwé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí n máa mú Gẹ̀ẹ́sì nítorí a ò ní olùkọ́ rẹ̀. Fóònù ni ìjà tèmi.

Mo fún wọn ní àròkọ ṣe láti ilé: ẹ ṣàpèjúwe ọjọ́ ọjà ní ìlú yín. Ẹ̀yin náà mọ ọjà wa, ẹ mọ bí àwọn obìnrin ṣe ń ti Bùnú àti Kábà wá, iṣu, gààrí, ẹ̀wà, aṣọ òkèèrè. Ọmọkùnrin kan mú tiẹ̀ wá, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dán. Mo kà á débì kan, wọ́n ní atẹ́gùn òkun ń fẹ́, àwọn apẹja ń já ẹja sílẹ̀ ní èbúté lówùúrọ̀. Èbúté wo ló wà ní Ìsánlú? Mo pè é. Ó ní AI ló bá òun kọ ọ́ lórí fóònù, kò sì ka ohun tó kọ kó tó mú un wá. Kò bójú wẹ̀yìn rárá. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ọmọ yìí máa ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ lọ́jọ́ ọjà. Ó mọ ohun tó yẹ kó kọ. Ó kàn gbà pé ohun tí òun mọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sínú ìwé.

Ní báyìí, inú kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ àròkọ fún mi, pẹ̀lú bírò àti bébà, fóònù ò sí níbẹ̀. Àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn kọ kò ju ìpínrọ̀ méjì lọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ti oko dé kó tó mọ́lẹ̀, tó ń fi ewé bo ẹ̀fọ́ kó má bàa rọ. Mo fún un ní máàkì tó dáa.

Ti ẹ̀kísípò WAEC, ìyẹn màgòmágó ìdánwò, mi ò tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú bọ́ọ̀dù fún wọn, ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀ ìwé kíkà mọ́. Àwọn òbí ló ń sanwó rẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ ní Bùnú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá síbí, mo ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá náà ni, èdè ò ní í jẹ́ ìṣòro.

Ẹ wo kíláàsì mi: àwọn ọmọ Bùnú, àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà tí bàbá wọn wá dáko, ọmọ Bàsà, ọmọ Fúlàní. Yorùbá tí mo ń sọ, àwọn ọmọ Bùnú ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ kíákíá, èmi ni mi ò gbọ́ nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé, gbogbo wọn ni kò gbọ́ ọ dénú.

Mo máa ń kà nípa fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ náà. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà pé ti 2022 ló dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síwájú kíláàsì tèmi á bi ara rẹ̀ pé: èdè abínibí ta ni?

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń mú nǹkan náà fúnra rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ tí a ń kọ́ bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ fún igi, mo já ẹ̀ka ẹ̀gẹ́ méjì. Èyí àkọ́kọ́, oòrùn ń pa á dáadáa. Ìkejì wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí mo ti dé e mọ́ ọjọ́ mélòó kan, ewé rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní èdè tó bá wù wọ́n. Ọmọbìnrin Ẹ̀bìrà kan tó gbọ́ Bùnú dáadáa ló wá ń ṣe ògbufọ̀ fún gbogbo wa. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹ̀kọ́, àkókò ò sí. Àti pé nígbà tí mo bá parí ìsìnrú ìlú mi, tí mo bá lọ, ta ló máa gba kíláàsì náà? Kí n tó dé, ọmọ wọ̀nyí wà láìní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Tíṣà aládàáni, Kábà

Kúkúrú ni tèmi. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ kan kò gbọdọ̀ fìdí rẹmi. Bí máàkì ọmọ bá kéré, wọ́n á ní kí n “tún un wò.” Bàbá ọmọ kan wọ kíláàsì bá mi, ojú àwọn ọmọ ló ti bi mí pé ṣé mo mọ iye tí òun ń san. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá bá ọmọ rẹ̀ wí, á rẹ́rìn-ín. Owó oṣù mi ò tó owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ kí n tó lè jẹun.

Màmá Olùkọ́, Mopa (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ kú ìfaradà.

Ìpínlẹ̀ Kwara la ṣì wà nígbà tí mo gba iṣẹ́, 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí Grade Two ni mo kọ́kọ́ ní, kí n tó padà lọ gba NCE. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ló dáa láyé ìgbà yẹn. Àwa náà kọ́ ọmọ lábẹ́ igi. Àwọn oṣù kan wà tí owó wa ò dé lásìkò.

Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé inú ìlú ni olùkọ́ ń gbé. Ibì kan náà ni èmi àti àwọn òbí ọmọ ti ń pọnmi. Bí ọmọ kò bá wá sílé-ìwé, kí ọjọ́ tó rọ̀ mo ti mọ̀ bóyá ibà ló ń ṣe é tàbí oko ló lọ. Lónìí, olùkọ́ ń ti Kábà tàbí Lọ́kọ́ja wá lórí ọ̀kadà, nítorí kò sí ilé tó ṣeé gbé, nítorí ọkọ rẹ̀ tàbí aya rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, nítorí ẹ̀rù ọ̀nà. Ó ń pẹ́ dé, ó sì ń tètè lọ kí ilẹ̀ má ṣú bá a lójú ọ̀nà. Mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òun àti òbí ò mọ ara wọn mọ́, ìdí nìyẹn tí bàbá ọmọ fi lè wọ kíláàsì lọ bú olùkọ́. Ẹni tí ẹ jọ ń kí ara yín láàárọ̀, ẹnu yín ò ní í gbà á.

Olùkọ́ Ẹ̀gbẹ̀

Màmá, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ẹ mẹ́nu bà, òun ni mo fẹ́ sọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkù, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kadà bá pariwo lójijì níta, àwọn ọmọ kíláàsì kejì mi á sá sábẹ́ tábìlì. Mo máa ń dákẹ́, màá ní kí a kọrin, lẹ́yìn náà la ó tún bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Àwọn òbí kan kó ọmọ wọn lọ sí Ìlọrin. Fẹ́ńsì ilé-ìwé wa ò yí i ká tán. Mi ò ní ju èyí lọ láti sọ.

Bàbá ọmọ mẹ́ta, Odò-Ẹrẹ̀

Òbí ni mí, ẹ dárí jì mí pé mo dá sí i. Tíṣà Ìjùmú, àwa náà kì í mọ̀ọ́mọ̀ di ọmọ lọ́wọ́. Bí kajú bá lọ, kò sí owó mìíràn títí iṣu fi máa ta. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni òfin 2004 ní kí wọ́n fún ọmọ wa fún ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n yunifọ́ọ̀mù, ìwé, owó ìdánwò, àwa là ń san án. Ó yẹ kí àwa àti ẹ̀yin jókòó kí kajú tó bẹ̀rẹ̀, kí a fẹnu kò sí àkókò tí àwọn ọmọ lè máa lọ sóko, bóyá láàárọ̀ kùtù kí agogo tó dún.

Olùkọ́ Ìjùmú

Bàbá, ẹ ṣeun gidigidi. Màá gbé e lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ wa lórúkọ yín. Màmá Mopa, ẹ kú àdúrà lórí wa.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ lé lórí: ta ló ti kọ́ kíláàsì méjì nínú yàrá kan rí, báwo lẹ ṣe ń to iṣẹ́ yín?

Màmá Olùkọ́, Mopa

Ọmọ mi, mo ṣe é fún ọdún gbọọrọ. Má kọ́ wọn ní ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mú àkòrí kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì, kọ́ gbogbo wọn pa pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o wá fún karùn-ún ní èyí tó le. Bó bá jẹ́ ìdá, fi iṣu kan bẹ̀rẹ̀, gé e lójú gbogbo wọn. Kẹrin á sọ èyí tó tóbi jù nínú ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Karùn-ún á ro ìdajì àti ìdá mẹ́rin pọ̀. Yan ọmọ karùn-ún kan fún àwọn kẹrin mẹ́rin-mẹ́rin, kí ó máa wo ìwé wọn nígbà tí o bá wà lápá kejì, kí o sì máa pààrọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹnì kan má bàa di ọ̀gá. Ilà àárín bọ́ọ̀dù yẹn, pa á rẹ́. Fà á ní ìbú, kí ohun tó kan gbogbo wọn wà lókè, kí ti kálukú wà nísàlẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí o wá sọ fún wa bó ṣe lọ.