Òórùn ìtọ̀ la pè é

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ béèyàn ṣe ń mọ̀ tí gáàsì olóró bá tú, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi.

Áìsì bulọ́ọ̀kù ni mo ń tà n'Íbàdàn nígbà náà. Ìdájí la máa ń lọ tò síwájú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ yìí, òórùn ìtọ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan, bí ìtọ̀ tó ti sùn nínú póò. Ìyá tó wà níwájú mi ní àwọn dírẹ́bà ló tọ̀ sídìí ògiri, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ń ta mí bí ẹni ń rẹ́ àlùbọ́sà. Mo wẹ̀yìn, gbogbo èrò ló ń nujú, tí wọ́n ń wúkọ́. Ẹnì kan lè wúkọ́ tìtorí òtútù. Ogún èèyàn kì í ṣàdédé wúkọ́ pọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí nǹkan funfun kan tó ń yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnnì. Kò gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló ń rá lọ, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Adìẹ kan tó ń jẹ̀ nítòsí ti dùbúlẹ̀, ó ń yanu.

Ọ̀gá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe já síta: "Amóníà ni! Ẹ má bá atẹ́gùn lọ!" Amóníà yìí ni wọ́n fi ń mú omi dì, tó bá jò, òtútù rẹ̀ ló ń sọ afẹ́fẹ́ di funfun. Ó wo ọ̀rá tó há sórí wáyà láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ní ká gba ẹ̀gbẹ́. Mo ki gèlè mi bọ omi, mo fi bo imú. Àwọn tó sáré tọ ọ̀nà tí atẹ́gùn ń lọ, mẹ́ta nínú wọn dèrò ọsibítù.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Bhopal ní Íńdíà, Oṣù Kejìlá 1984, níbi tí gáàsì ti tú lóru láti ilé iṣẹ́ oògùn apakòkòrò. Àwọn tó jí rò pé ẹnì kan ló ń sun ata. Ara mi bù máṣọ, tìtorí àwa náà ti rí orúkọ ilé fún tiwa.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Gáàsì tiwa, kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáídì inú èéfín jẹnẹrétọ̀, ò rùn rárá. Òjò ń rọ̀, a gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, a ti wíńdò pa. Ọmọ mi ní orí ń fọ́ òun, àbúrò mi bì, mo rò pé ẹ̀wà alẹ́ ni. Ọkọ mi jáde lọ ṣí géètì, orí tó ń fọ́ òun náà fúyẹ́. Ó wọlé padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fura. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó wọ́ wa síta sínú òjò. Ọmọ ò lè fẹsẹ̀ dúró.