Ìtúúbá ọmọ, ìkọ̀mọsílẹ̀, àbí ìfọmọlénilọ́wọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Láti ọjọ́ tí àǹtí wa tó wà ní Houston ti gbé ìbéèrè rẹ̀ wá ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ. Mo dákẹ́ nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa tètè yanjú. Kò yanjú. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àǹtí ń túmọ̀ ìwé pélébé kan sí Yorùbá fún àwọn aboyún. Ìwé náà ń sọ fún ìyá pé bí kò bá lè tọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, òfin gbà á láyè kó gbé e lọ sí ọsíbítù tàbí iléeṣẹ́ panápaná, kó fi í síbẹ̀, kó sì máa lọ láìsí pé wọ́n mú un. Àǹtí fẹ́ orúkọ fún òfin náà, ó sì tún fẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè lò fún òbí tó bá yí ọkàn padà, tó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ gbà. Bọ̀dá kan ní ká pè é ní "òfin ìtúúbá ọmọ". Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní "ìkọ̀mọsílẹ̀". Ẹlòmíràn ní "ìjọ̀wọ́ ọmọ".

Ẹ jẹ́ ká tètè gbé ìtúúbá kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ló ń túúbá, tàbí ẹni tó ṣẹ àgbà tó wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá gbọ́ "ìtúúbá ọmọ", ohun tí mo máa rí ni ọmọ ọjọ́ kan tó na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ológun. Ó tán.

Ìjọ̀wọ́ sún mọ́ ọn díẹ̀, torí ẹni tó di nǹkan mú ṣinṣin ló ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì kò ní gbọ́ "ó jọ̀wọ́" kó má fi "ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́" parí rẹ̀ lọ́kàn. Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé síwájú obìnrin tó bímọ lánàá nìyẹn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ìkọ̀mọsílẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Ohun tí èèyàn kò fẹ́ mọ́ ló ń kọ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́ láàárín tọkọtaya, àti ariwo tó máa ń bá a rìn. Òfin tí a ń sọ yìí, torí àtiya ohun méjì tí aráyé ti ń kó pọ̀ sọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Texas ló kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 1999, nígbà tí George W. Bush jẹ́ gómìnà níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n gbé jù ní agbègbè Houston lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó gbé ọmọ jù sínú pàǹtí ṣì jẹ́ ọ̀daràn ní Texas lónìí. Ẹni tó gbé ọmọ tí kò tíì ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin yàn, tí ọmọ náà kò sì fara pa, òfin dáàbò bò ó. Nígbà tó fi máa di ọdún 2008, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ní Amẹ́ríkà ti ní irú rẹ̀. Tí a bá wá fi "kíkọ̀" pe ti ẹni kejì yìí, a ti da òun àti ẹni àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ra padà.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1997 lórí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ní kí ìpínlẹ̀ sapá láti dá ọmọ padà sílé òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n láyè láti má sapá bẹ́ẹ̀ bí òbí bá ti pa ọmọ tì. Nítorí náà, bí adájọ́ bá ṣe ka ohun tí ìyá náà ṣe ló ń sọ bóyá ọ̀nà àbọ̀ ṣí tàbí ó tì. Àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò tíì fẹnu kò: "ọmọ tí wọ́n pa tì" ló wà nínú orúkọ òfin New York ti ọdún 2000, nígbà tí California yan ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ láìséwu.

Ẹ tún wo Bahia ní Brazil, nílùú Salvador, tí àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá ibẹ̀, pọ̀ sí. Lọ́dún 1726 ni wọ́n fi àgbá onígi kan sínú ògiri Santa Casa da Misericórdia, ilé àánú kan níbẹ̀. Ẹni tó wà níta á gbé ọmọ sínú rẹ̀, á yí i, ọmọ á bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó wà nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ojú ẹnikẹ́ni. *Expostos* ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ náà, àwọn tí wọ́n gbé síta. Àwọn ìyá tó jẹ́ ẹrú wà lára àwọn tó gbé ọmọ wọn síbẹ̀, nítorí ọmọ tó bá gba inú àgbá yẹn wọlé, ọmọ òmìnira ni wọ́n kà á sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ìyá yẹn kọ ọmọ rẹ̀ ni? Lónìí, òfin tí Brazil ṣe lọ́dún 2017 ti fi *expostos* sílẹ̀, *entregar* ló ń lò: kéèyàn fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ á lọ sí kóòtù àwọn ọmọdé, wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìdájọ́ láti ní òun ò ṣe mọ́.

Ibẹ̀ ni èmi náà fẹ́ ká lọ. Yorùbá ti ní "fà lé lọ́wọ́" tipẹ́. Lálẹ́ ìgbéyàwó, wọn kì í ju ìyàwó nù, wọn kì í túúbá rẹ̀, wọ́n máa ń fà á lé àwọn ẹbí ọkọ lọ́wọ́ ni, tàdúràtàdúrà, tẹkúntẹkún. Ẹni tó fà á mọ ẹni tó gbà á, ẹni tó gbà á sì mọ̀ pé wọ́n lè wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Mo dábàá "òfin ìfọmọlénilọ́wọ́". Ó gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin tó máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Òfin California bá a mu jù lọ. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2001 sọ pé kí ọmọ má tíì ju wákàtí 72 lọ, ìyẹn ni pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tiwa kò tíì sún mọ́lé. Òṣìṣẹ́ tó bá gbà á á fi ẹ̀gbà kan tó ní nọ́ńbà sí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà, á sì fún òbí ní ẹ̀gbà kejì tó ní nọ́ńbà kan náà. Orúkọ ò sí lára méjèèjì. Wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù nípa àìsàn ìdílé àti àpò ìwé tí wọ́n ti sanwó ìfiránṣẹ́ rẹ̀, kó lè kọ ọ́ nílé kó fi ránṣẹ́ bó bá wù ú, bí kò bá sì wù ú kó má kọ ọ́. Láàárín ọjọ́ 14, ẹni tó bá mú ẹ̀gbà yẹn wá lè ní òun wá gba ọmọ òun.

Ní London, nígbà tí ilé ìtọ́jú ọmọ tí Thomas Coram dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọmọ lọ́dún 1741, aṣọ ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á gé ègé aṣọ kan, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ so ó mọ́ ìwé ọmọ náà, ìyá á mú ìdajì kejì lọ sílé. Púpọ̀ nínú àwọn aṣọ yẹn ṣì wà nínú àwọn ìwé náà títí di òní, àwọn òdòdó tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lára ṣì hàn, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìyá tó padà wá.

Ẹnì kan máa ní: àpótí ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní Woodburn, ní ìpínlẹ̀ Indiana, lọ́dún 2016, Monica Kelsey, tí wọ́n gbé òun fúnra rẹ̀ jù nígbà tó jẹ́ ìkókó, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpótí sára ògiri iléeṣẹ́ panápaná. Ìyá á ṣí i, á tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, á pa á dé, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀, aago á dún fún àwọn tó wà nínú ilé. Kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀ tí a fà á lé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa fún ìyá ní ẹ̀gbà lójúkojú. Èmi ò rò pé ó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ti àpótí àti ti òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ti àpótí jẹ́ "fífi ọmọ sínú àpótí ààbò", kí ẹni tó ń kà á mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Àǹtí tún béèrè bóyá a lè túmọ̀ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún òfin náà ní Texas, èyí tí wọ́n fi Mósè tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá kọ "Òfin Mósè" fún Yorùbá, Òfin Mẹ́wàá ni wọ́n á máa retí. (Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò sì ka ìtàn náà dópin o. Ẹ̀gbọ́n Mósè dúró lókèèrè ó ń ṣọ́ ọ, ìyá rẹ̀ sì gba ọmọ padà láti tọ́, Ọmọbìnrin Fáráò ló tún ń sanwó ọ̀yà fún un.)

Ẹ sì ṣọ́ra fún "ọmọ" fúnra rẹ̀. Nebraska ló ṣe òfin yìí kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2008, ọ̀rọ̀ tó wulẹ̀ túmọ̀ sí ọmọ ni wọ́n lò, wọn ò dárúkọ ọjọ́ orí. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn òbí ti ń wakọ̀ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n ń já ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ ní ọsíbítù. Bàbá kan fi mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oṣù kọkànlá ni àwọn aṣòfin sáré padà wá fi ọgbọ̀n ọjọ́ sí i. Nínú èdè tiwa, ẹni ọgọ́rin ọdún ṣì ń jẹ́ ọmọ ẹni. Ẹ kọ "ọmọ tuntun", kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ tàbí wákàtí sí i níwájú, nítorí ó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀: North Dakota gbà dé ọdún kan.

Ó ku ti òbí tó padà wá gba ọmọ rẹ̀. "Ìtúnpadàṣọ̀kan" tí ẹnì kan dábàá dà bí ìgbà tí Jámánì méjèèjì para pọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣe pàtó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló sì nílò. Ní California, bí ìyá bá padà dé láàárín ọjọ́ 14, tí ọmọ ṣì wà ní ọsíbítù, tí ẹjọ́ kò sì tíì dé kóòtù, ìyá ló ń *gba* ọmọ padà. Bí ẹjọ́ bá ti dé kóòtù, iléeṣẹ́ ìjọba á kọ́kọ́ wádìí bóyá òun ni òbí lóòótọ́, àti bóyá ó lè tọ́ ọmọ. Níbẹ̀, ìjọba ló ń *dá* ọmọ padà, ìyá sì ń dúró. Ẹni tó ń ka ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìgbà tó ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti sún un kì sí "ìgbọmọpadà". Kò burú, tí gbogbo èèyàn bá ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí ìwé ṣe máa ń dé orí WhatsApp, láìsí àmì kankan. Ìyá á wo "igbomopada", gbọ́mọgbọ́mọ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, á sì ju ìwé náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní títẹ́jú: "gbígba ọmọ padà", "dídá ọmọ padà fún òbí". Kò sí ẹni tó lé wa.

Àǹtí, gbólóhùn tí mo fẹ́ dábàá fún ojú ìwé àkọ́kọ́ nìyí, ẹ tún un ṣe bó bá yẹ: "Bí o kò bá lè tọ́ ọmọ tuntun rẹ tí kò tíì ju [iye ọjọ́ tàbí wákàtí] lọ, o lè fà á lé òṣìṣẹ́ ọsíbítù tàbí ti panápaná lọ́wọ́. Wọn ò ní fi ìyẹn mú ọ, bí ọmọ kò bá ti fara pa. Bí o bá yí ọkàn padà, tètè padà wá." Mo lo "o" dípò "ẹ" nítorí ó máa ń dà bí ẹni pé ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rò pé àbùkù ni, kó wí.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ti bàbá. Ní Illinois, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí ọkùnrin tó bá gbà pé òun lè jẹ́ bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ forúkọ sí, kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, bí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ náà fún ẹlòmíràn láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kò tíì di bàbá lójú òfin, kì í sì í ṣe àjèjì. "Bàbá àfẹnujẹ́" ti wá sí mi lọ́kàn, ó dà bí èébú. Ta ló ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ?