Pẹ́dà gìtá tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ń dún GBÒ tí mo bá ti tẹ súwíìsì ẹ̀

Onígìtá_Adátán

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí ní Abẹ́òkúta, apá Adátán. Oṣù tó kọjá ni mo to overdrive kan pọ̀ fúnra mi, pẹ́dà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè ha, op-amp kan ṣoṣo (chip kékeré tó ń gbé ohùn sókè) ló wà nínú ẹ̀, mo lu agolo bisikíìtì nìhò mo kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, ó sì dún dáadáa, kódà ẹni tó ń ta bass wa ti ní kí n ṣe ọ̀kan fóun.

Súwíìsì ni wàhálà ibẹ̀. Tí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, GBÒ! ló máa jáde nínú sípíkà, kì í ṣe kékeré o. Sunday tó kọjá wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń lọ lábẹ́ ẹ̀, èmi ní kí n ti tan pẹ́dà sílẹ̀ de orin tó kàn, gbò!, pásítọ̀ lajú, màmá kan níwájú ké "Jésù!" tí kì í ṣe ti àdúrà rárá. Ojú tì mí débi pé mi ò fẹsẹ̀ kan nǹkankan mọ́ títí ìsìn fi parí.

Mo ti pààrọ̀ súwíìsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, 3PDT ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn, Èkó ni mo ti ń lọ rà á, ẹ wo owó ọkọ̀ ná. Kò yàtọ̀. Mo yọ adápítọ̀ mo fi bátìrì 9V sí i, kò yàtọ̀. Iná ìjọba o, jẹnẹrétọ̀ o, ìkan náà ni. Kàpásítọ̀ tí mo lò, 1µF tó rí rọ́bótó bí agolo kékeré yẹn ni gbogbo ẹ̀, torí òun nìkan ni ẹni tó ń ta páàtì ní Kútọ̀ ní lọ́jọ́ yẹn. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Fúúsì_Ti_Já

Súwíìsì yẹn ni jàre, ayédèrú ni wọ́n ń tà fún ẹ. Wá ojúlówó rà, ọ̀rọ̀ á parí.

Bàbá_Lẹ́ẹ̀dì

Ẹ má jẹ́ kó ra ìkẹta o! Àbúrò, èèyàn tó bá pààrọ̀ súwíìsì lẹ́ẹ̀mejì tí ariwo kan náà ṣì ń dún, súwíìsì kọ́ ló jẹ̀bi. Òtítọ́ ni pé súwíìsì tuntun máa ń ta kẹ́kẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí tó mú pásítọ̀ lajú yẹn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Wò ó, ilẹ̀kùn lásán ni súwíìsì, nǹkan tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń já lù ẹ́. Iṣẹ́ kàpásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni kó dá iná DC, iná tàárà bíi ti bátìrì, dúró kí ohùn gìtá nìkan kọjá. Èyí tó rí bí agolo yẹn máa ń jò, kò pọ̀, ó ń kán tó-tó-tó bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́ṣà ẹ̀ ti jẹ. Tí pẹ́dà bá wà ní pípa, kò síbi tí nǹkan tó ń kán yẹn máa gbà lọ, á máa kún síbẹ̀ ni. Ìgbà tó o bá wá tẹ súwíìsì, gbogbo ẹ̀ á dà lẹ́ẹ̀kan náà gba inú gìtá ẹ lọ sí áàsì (ojú odo tí iná ń padà sí), amp á gbé e, á sọ ọ́ di nǹkan ńlá. GBÒ ẹ nìyẹn.

Má tíì gbé áyọ́ọ̀nù tá a fi ń jó páàtì. Fi pẹ́dà sílẹ̀ ní pípa fún bíi ìṣẹ́jú kan, kó o wá tẹ̀ ẹ́, fetí sí i. Lẹ́yìn ìyẹn tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́. Tí àkọ́kọ́ bá ké GBÒ tí àwọn tó tẹ̀lé e wá ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó ń jò nìyẹn, torí kò tíì ráyè kún padà. Tí o bá ní mítà, gbé e sí DC, fi ẹnu dúdú kan áàsì, fi pupa kan ojú bọ́ọ̀dù tí wáyà inú (èyí tó ń gbé ohùn gìtá wọlé) ti súwíìsì wọlé sí, kí pẹ́dà wà ní pípa àmọ́ kí iná máa wọ inú ẹ̀. Odo ló yẹ kó kọ. Kí ló kọ?

Ṣé o tiẹ̀ fi rẹsísítọ̀ 1M (mílíọ̀nù kan ohm) sí ẹnu inú yẹn, láti ibẹ̀ lọ sí áàsì?

Onígìtá_Adátán

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Mo yá mítà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe. Lóòótọ́ ni o, àkọ́kọ́ ló ń ké jù, tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra ó ń rọlẹ̀. Mítà kọ 0.87, tí mo bá dì í mú síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Mi ò fi 1M kankan sí i, mo rí i nínú àwòrán o, mo rò pé kò pọn dandan ni.

Ohun tó tún wá ń dà mí láàmú, ilà funfun tó ní àmì (−) lára kàpásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ojú bọ́ọ̀dù ló kọjú sí.

Bàbá_Lẹ́ẹ̀dì

Háà. Ẹ̀yìn ló wà! Inú bọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún ni 4.5V tí op-amp ń jókòó lé wà, ojú (+) ló yẹ kó kọ síbẹ̀. O gbé e dojú délẹ̀, ó sì ń jò ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́ tó bá ń jò.

Yọ ọ́ dànù. Wá 0.1µF pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára, kò ní ẹ̀yìn kò ní iwájú, bó o bá ṣe gbé e ló gbà. Má bẹ̀rù pé bass máa lọ, ohun tó máa gé wà nísàlẹ̀ nǹkan tí gìtá lè sọ. Kó o wá fi 1M sí i: brown, dúdú, àwọ̀ ewé, góòlù. Ojú jáàkì, ihò tí wáyà gìtá ń wọ̀, ni kó kọ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn kàpásítọ̀. Mo rí ẹnìkan ní Láfẹ́nwá tó fi í sẹ́yìn, odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń bú mi.

Fi ìkan sí ẹnu ìta náà.

Ìyá_Sáákítì

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Ẹ dárí jì mí o, tí fólúùmù bá wà nígbẹ̀yìn bó ṣe máa ń wà nínú overdrive, tó ti ibẹ̀ lọ sí áàsì, òun fúnra ẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ 1M yẹn ní ìta. Tí fólúùmù bá ń ha gárágárá téèyàn bá yí i, ìgbà yẹn la máa fura sí kàpásítọ̀ ìta.

Onígìtá, ó ku LED, iná kékeré tó ń fi hàn pé pẹ́dà wà ní títàn. Rẹsísítọ̀ mélòó lo fi sí i?

Bàbá_Lẹ́ẹ̀dì

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Mo gbà.

Onígìtá_Adátán

470 ohm ni mà. Mo ti ṣe ti Bàbá, GBÒ ti lọ pátápátá! Mítà ń kọ 0.00. Ó ṣẹ́ku kẹ́ kékeré kan, tí mo bá ń tan án nìkan ni.

Ìyá_Sáákítì

Mo mọ̀. Nínú 9V, LED pupa á mú bíi 2V, 7V tó kù lórí 470 ohm, 15mA ló sún mọ́, ó ń já iná gbà lójijì ni, wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì ń gbọ́. Tú ẹsẹ̀ kan LED sílẹ̀ ná, tẹ súwíìsì, tí kẹ́ bá lọ, òun ni. Fi 4.7K rọ́pò, 1.5mA péré nìyẹn, ojú á ṣì rí i dáadáa. Wáyà LED àti wáyà inú, má so wọ́n pọ̀ mọ́ra bí irun dídì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbà. Tí o bá ráyè, ibi tí iná ti ń wọlé, fi 100 ohm sójú ọ̀nà kó o sì fi kàpásítọ̀ 100µF sílẹ̀ sí áàsì lẹ́yìn ẹ̀. Níbẹ̀ agolo kékeré yẹn dára o, kó o sáà wo ojú (+) kó o tó jó o mọ́lẹ̀!

Onígìtá_Adátán

Mo ti padà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. 4.7K ni mo fi sí i, mo sì ya wáyà. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárín àdúrà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ẹnikẹ́ni ò mira. Ẹni tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù ní òun gbọ́ kẹ́, bàtà mi lórí pákó ni. Ọlọ́run á san yín lóore.

Fúúsì_Ti_Já

Súwíìsì méjì tó o yọ ńkọ́? Mo ra ìkan.

Onígìtá_Adátán

Ìkan ló kù, onibass ti gbé ìkejì. Ẹ wá gbé e ní Adátán, owó ọkọ̀ tèmi lẹ máa san.