Ilẹ̀ tí ẹ pa tì, kí ló hù níbẹ̀? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Òkè-Eri:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan bi mí lánàá pé ṣé lóòótọ́ ni igbó máa ń padà fúnra rẹ̀ bí àgbẹ̀ bá ti kúrò lórí ilẹ̀. Mo ní ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ilẹ̀ náà bá múlé tì.

Oko ẹ̀gẹ́ méjì ni ìyá wa àgbà ní, ibẹ̀ ni gàrí tó rán gbogbo wa níléèwé ti jáde. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Erédò, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn Òkè-Eri. Èkejì wà létí títì, igi mẹ́línà ni wọ́n gbìn yí i ká. Orúnkún dá ìyá jókòó sílé ní 2011, a sì pa méjèèjì tì lọ́dún kan náà.

Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Yúnyun kọ́kọ́ hù, ẹ̀ẹ̀kan tẹ̀ lé e, kó tó di pé ewé Akíntọ́lá bo gbogbo rẹ̀, ó ga jù mí lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, irúgbìn rẹ̀ á máa fò bí òwú, á bá yín dé inú ọrùn ẹ̀wù. (Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ká pe ewé yẹn ní Awólọ́wọ̀ bí àwọn kan ṣe ń pè é. Ẹ fara balẹ̀.) Amẹ́ríkà ni ewé náà ti ṣẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn kọ ni pé inú irúgbìn mẹ́línà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí 1937 ló fara pamọ́ sí tó fi dé Nàìjíríà. Àlejò méjì, ẹrù kan ṣoṣo!

Ọdún 2015 ni ọ̀nà wọn pín. Mo dé oko ẹ̀bá Erédò, mo bá amùjẹ̀ tó ti ga tó òrùlé. Mo ṣá ọ̀kan ládàá, oje pupa bí epo ṣàn sí mi lọ́wọ́, odindi ọjọ́ mẹ́ta kò kúrò lábẹ́ èékánná mi. Akíntọ́lá abẹ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín, ewé rẹ̀ ń pọ́n, torí kò lè gbé abẹ́ òjìji. Ta ló gbin amùjẹ̀? Orófó àtàwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń ti inú Erédò bọ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì débẹ̀, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni, nǹkan bí 160 kìlómítà, ibòmíì wà níbẹ̀ tó jìn tó mítà 20 láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀. Bí ògiri ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí, kò sẹ́ni tó lè kọ ebè síbẹ̀. Ìyẹn ni àwọn igi àgbà fi ṣẹ́ kù síbẹ̀, arère, àràbà, títí kan ìrókò.

Mo tún padà lọ ní 2023. Orí amùjẹ̀ ti ń gbẹ, àyìnrẹ́ ti gba ipò rẹ̀. Ọmọ amùjẹ̀ ẹyọ kan ò sì sí nílẹ̀. Òjìji tí ìyá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ dá ni kò jẹ́ kí wọ́n hù. Mo tẹ̀ síwájú, mo dé abẹ́ igi kan tí àdán máa ń so rọ̀ sí, mo rí ọmọ ìrókò kan, kò ga ju ìbàdí mi lọ. Àdán ló ń jẹ èso ìrókò, òun ló ń gbé hóró rẹ̀ kiri nínú ìgbẹ́. Wọ́n ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo rọra ki àdá bọ àkọ̀.

Tetí títì ńkọ́? Ọdún kejìlá rèé, Akíntọ́lá náà ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń tiná bọ̀ ọ́ lọ́yẹ́, bí òjò bá sì ti rọ̀, á tún rú láti gbòǹgbò. Mẹ́línà nìkan ni igi tó wà nítòsí, ọmọ mẹ́línà náà ló bí síbẹ̀.

Onígbànja:
Ẹ má yin ẹyẹ jù o. Oko obì bàbá mi wà nítòsí Ṣàgámù, a ò débẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ẹyẹ ò gbin ìrókò kankan fún tiwa, àfòmọ́ ló gbìn. Hóró rẹ̀ ń fà bí àtè. Ẹyẹ á nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, ó parí. Àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ló ń bá tan. Mo ka obì mọ́kàndínlógún tí ẹ̀ka wọn ti gbẹ. Àmọ́ ewé eéran hù lábẹ́ wọn bí ẹni fọ́n ọn, ìyàwó mi ń já a tà fún àwọn oní-mọ́ínmọ́ín. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa dá ẹjọ́ yẹn.

Ará J4:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì rẹrù wọ igbó ìjọba Ọmọ̀, níbi tí J4 tiwa wà, èyí tí wọ́n ti pààlà rẹ̀ láti 1925. Erin ṣì wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀bọ kan fò kọjá lókè wa, ọ̀fun rẹ̀ funfun báláú, ikùn rẹ̀ rí bí eérú. Ọ̀gá wọn ní ọ̀bọ yìí ò sí níbòmíì láyé ju Nàìjíríà, Benin àti Togo lọ, àti pé àwọn tó wà lápá Benin pọ́n níkùn. Ọ̀dàn tó gùn dé etí òkun ló là wọ́n láàárín, ọ̀bọ inú igbó kì í sì í rin ọ̀dàn. Ó ní bí wọn ò bá ríra wọn fẹ́ títí láé, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn ò ní lè bímọ fúnra wọn mọ́, wọ́n á di ẹ̀yà méjì. Mo ní bí ẹbí tó jà sórí ilẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ Òkè-Eri:
Ẹ̀yin ará J4, ẹ ò mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan egbò. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ẹ̀bá Erédò wá. Ó ní ibẹ̀ ti di igbó, pé tetí títì ló ṣì jọ oko. Sátidé ni ìpàdé ẹbí.

Onígbànja:
Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?

Ọmọ Òkè-Eri:
Mo ti ra aṣọ funfun ọ̀pá kan. Mo fẹ́ lọ wé e mọ́ ọmọ ìrókò yẹn nídìí kí Sátidé tó pé.