Àbúrò mi fẹ́ ya tátù Seth sí apá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, fẹ́ ya tátù Seth, òrìṣà ìdàrúdàpọ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, sí apá. Màmá wa ń sunkún. Wọ́n ní àwòrán ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lára ọmọ àwọn.

Òótọ́ ni pé Seth ló pa Osiris, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì tún bá Horus, ọmọ Osiris, du adé. Ṣùgbọ́n mo ti ń kà nípa rẹ̀, n kò sì lè pè é ní ẹni ibi lásán mọ́. Òun kan náà ló ń dúró níwájú ọkọ̀ ojú omi Ra, òrìṣà oòrùn, lóru, tó ń fi ọ̀kọ̀ gún Apep, ejò ńlá tó fẹ́ gbé oòrùn mì. Ọba Seti Kìíní pàápàá, bàbá Ramesses Kejì, ara orúkọ Seth ni wọ́n ti fa orúkọ tirẹ̀ yọ. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá kórìíra rẹ̀ gan-an. (Ẹ má sọ fún mi pé Èṣù ni o, wọn kì í ṣe ọ̀kan.)

Àbúrò mi ní òun rí ara òun nínú rẹ̀: ẹni tí ilé kò fẹ́, àmọ́ tí iṣẹ́ tó le jù já lé léjìká. Ó dùn mí wọ eegun, torí a kò ṣe dáadáa sí i lẹ́yìn ikú bàbá wa.

Kí ni kí n sọ fún màmá? Ṣé kí n bẹ àbúrò mi kó ní sùúrù, àbí kí n tẹ̀ lé e lọ yà á?