Ẹ̀yin onídùùrù alágbàṣe, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ṣómólú:

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn onígìtá ti sọ tiwọn títí, àwa tá à ń tẹ dùùrù kì í sábà dá sí i. Bóyá nítorí pé ẹ̀yìn la máa ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Ìjọ Kérúbù ni mo ti kọ́ dùùrù, ní Ṣómólú. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìwé orin. Ìyá àgbà kan á kàn dìde láti ẹ̀yìn, á dá orin, ìwọ á máa fi etí wá a kiri títí wàá fi bá a, kí onílù tó fi ọ́ sílẹ̀ lọ. Kíì C nìkan, ìyẹn ìpele ohùn tí orin ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ọwọ́ mi mọ̀ dénú. Bí orin bá wà níbòmíràn, bọ́tìnì transpose tó ń gbé ohùn lọ sí kíì mìíràn wà lára Yamaha ìjọ, mo tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Mo ti wà ní London bí ọdún méjì nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta béèsì pè mí. Báǹdì rọ́ọ̀kì kan ń gba orin sílẹ̀, onídùùrù wọn ṣàìsàn, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni, wọ́n á sanwó lójú ẹsẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀. N ò tiẹ̀ bi í pé irú dùùrù wo ló wà ńbẹ̀.

Mo débẹ̀, mo bá dùùrù Hammond. Hammond gidi, onígi, ìlà eyín méjì lórí ara wọn, ó ju 150 kg lọ, Leslie, àpótí tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ìwo inú rẹ̀ ń yí bíi fáànù. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo ń wá transpose. Kò sí ńbẹ̀. Onígìtá wọn ní E làwọn wà, ó tún wá rántí sọ pé àwọn ti dẹ okùn gìtá wálẹ̀ ní ìdajì ohùn. Ìyẹn ni pé E tó ń pè, E-flat ni fún èmi. Nínú òtútù January, òógùn bò mí.

Mo ní kí wọ́n lù ú kí n kọ́kọ́ gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń lù ú, mo ń fi ìka kan ṣoṣo wá nóòtì lábẹ́lẹ̀, bí mo ṣe máa ń wá orin ìyá àgbà yẹn. Kí wọ́n tó parí, mo ti rí mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn náà ni mo lò. Mo di ọ̀kan mú, mo jẹ́ kí Leslie máa yí jẹ́jẹ́, tó bá di ègbè, mo yí i sí kíákíá. Ọwọ́ òsì mi, orí itan ló wà. Mo lè sọ pé ẹlẹ́béèsì ti ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, òótọ́ sì ni, àmọ́ ọwọ́ náà ò mọ̀nà ni. Nígbà tá a parí, ẹnjiníà ní òun fẹ́ràn bí mo ṣe ń fàyè sílẹ̀ fún orin. Mo dúpẹ́. N ò ṣàlàyé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ń wádìí àwọn tó ti jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú mi. Billy Preston, ọmọ Houston, ìdí dùùrù ìjọ lòun náà ti gbéra, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ní 1962, ọmọ ọdún 16, ó bá Little Richard wá sí Yúróòpù, ibẹ̀ ló ti mọ àwọn Beatles. Ní January 1969 ó yà kí wọn ní London, lákòókò tí inú wọn ò dùn síra wọn, wọ́n ní kó jókòó sídìí dùùrù oníná. Ọjọ́ 30 oṣù yẹn, ó bá wọn ṣeré lórí òrùlé ilé iṣẹ́ wọn ní Savile Row. Nígbà tí àwo "Get Back" máa jáde, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn.

Nicky Hopkins ńkọ́? Ọmọ London ni, ó lọ sí Royal Academy of Music. Àìsàn ìfun gbé e dè ní 1963, ó lé lọ́dún kan lọ́sibítù. Kò lágbára láti máa bá báǹdì káàkiri, ló bá di ti sitúdíò: báǹdì Rolling Stones, Kinks àti Who, pẹ̀lú John Lennon, gbogbo wọn ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ọmọ 50 ọdún ló kú, ní 1994. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ Stones láti kékeré, ta ló mọ orúkọ rẹ̀ nínú yín?

Orin tèmi náà jáde. Onídùùrù tó ṣàìsàn ni wọ́n kọ sí i.

Àbẹ̀ní, Manchester:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrójú. Mo ti jẹ irú ìyà yẹn. Báǹdì kan ní kí n wá fi "nǹkan díẹ̀" sí orin mẹ́rin, wọ́n fún mi lówó ọkọ̀ àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin. Ọdún kejì, mo wà ní ìlà ìsanwó nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ọwọ́ ara mi lókè orí mi.

Ẹ mọ Matthew Fisher? Òun ló tẹ Hammond fún báǹdì Procol Harum ní 1967, nínú orin "A Whiter Shade of Pale", èyí tí gbogbo ayé ń kùn lẹ́nu. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà nídìí orin. 2005 ló tó pẹjọ́. Adájọ́ fún un ní ìdá 40 nínú 100, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gba owó ibẹ̀ padà, House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, tún dá a padà fún un ní 2009. Àmọ́ láti ọjọ́ tó pẹjọ́ ni owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti ọdún 38 ẹ̀yìn, ó ti bómi lọ.

Tiyín ò tó ẹjọ́. Owó ẹni tó kọ orin yàtọ̀, owó ẹni tó tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀. PPL, àjọ kan ní UK, ló ń gba ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ rédíò àti ṣọ́ọ̀bù, alágbàṣe náà ní ìpín níbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá wà lákọsílẹ̀. Èmi, ìwé kékeré kan ò kúrò nínú àpò mi báyìí. Kí ìka mi tó kan dùùrù, ẹnjiníà á kọ orúkọ mi, ohun tí mo tẹ̀, ọjọ́, á fọwọ́ sí i. Ó ń bí àwọn kan nínú. Kó máa bí wọn.

Agége Boy:

Kíì F-sharp ni tèmi o, eyín dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀! Lọ́dún tó kọjá wọ́n bẹ̀ mí sí sitúdíò kan nílé níbí, ká tó dé ìlà kejì, wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò ní epo. Ó di pé èmi alágbàṣe ni mo dáwó epo. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wá mọ E-flat báyìí?

Ọmọ Ṣómólú:

Àbúrò, mò ń kọ́ ọ. Àbẹ̀ní, mo ti kọ̀wé sí PPL, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi ẹlẹ́béèsì. Ó ní òun rántí dáadáa, òun ò tíì rí ẹni tó làágùn tó bẹ́ẹ̀ nínú òtútù rí.