"Májẹ̀mú" kọ́, "òṣùwọ̀n" ni: ohun tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé

A ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "accession criteria", ìyẹn ohun tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní kí Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) tó gbà á wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "májẹ̀mú ìwọlé", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá iṣẹ́ tí a fẹ́ fi rán an mu. Ìhà méjì ní í jọ dá májẹ̀mú, tí yóò sì de àwọn méjèèjì. Èyí tí àwọn olórí Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé kalẹ̀ ní Copenhagen lóṣù kẹfà ọdún 1993 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú ilé ló kọ ọ́. Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ni wọ́n ń fi wọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ ní ìjọba tiwa-n-tiwa tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ti àwọn ẹ̀yà kéékèèké, kí ọrọ̀ ajé rẹ̀ lè dúró nínú ìdíje ọjà, kó sì lè ru ẹrù òfin Ìṣọ̀kan náà. Ìgbà àti ọ̀nà tí yóò fi kúnjú òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n ń bá a dúnàádúrà lé lórí.

Ẹ wò ó, a ti ní "kúnjú òṣùwọ̀n" lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Kí la tún ń wá kiri?

Àwọn kan ní "gbèdéke". Létí òǹkàwé ìwé ìròyìn, ọjọ́ tí nǹkan yóò parí ni gbèdéke. Òṣùwọ̀n yìí kò dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni: Tọ́kì bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà ní 2005, nínú orí 35 tí wọ́n pín ìdúnàádúrà náà sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n tíì tì.

Fún àṣà náà lódindi, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "conditionality", mo dábàá "ìfòṣùwọ̀n-gbani-wọlé": fi òṣùwọ̀n gba ni wọlé. Ó gùn, àmọ́ ó sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1997, wọ́n yan àwọn tí ìdúnàádúrà yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n sì fo Slofákíà nítorí bí Vladimír Mečiar, olórí ìjọba ibẹ̀, ṣe ń ṣèjọba. Lẹ́yìn ìbò 1998, ìjọba mìíràn gorí oyè. Ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀ ní 2000, wọ́n sì wọlé ní 2004.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún lo "ìtẹ̀lé òfin" fún "rule of law", èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa nínú ìwé Copenhagen. Aráàlú tí kò jalè ni ìyẹn ń mú wá sọ́kàn. Alákòóso tí ilé ẹjọ́ lè dá lẹ́kun ni wọ́n ń sọ. "Ìṣèjọba lábẹ́ òfin" ló tọ́.

Ẹni tó bá ti wọlé ńkọ́? Ibẹ̀ ni "májẹ̀mú" ti wúlò, torí àdéhùn Ìṣọ̀kan náà ti de tọ̀tún-tòsì. Abala keje àdéhùn náà lè gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ẹni tó bà á jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan pé ó bà á jẹ́. Wọ́n fẹ̀sùn yìí kan Pólándì ní 2017 àti Họ́ngárì ní 2018. Ọ̀kan lè kọ̀ kí ẹnì kejì má jìyà. Ìdí nìyí tí òfin mìíràn, tó lè dá owó Ìṣọ̀kan náà dúró, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Kò dìgbà tí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan, ìbò ọ̀pọ̀ tó fún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022 wọ́n fi dá nǹkan bíi bílíọ̀nù 6.3 owó yúrò dúró fún Họ́ngárì. "Ìdáwódúró" tó fún ìyẹn. Bí a bá pe òun náà ní òṣùwọ̀n ìwọlé, òǹkàwé yóò rò pé wọ́n lè lé Họ́ngárì jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí abala kankan nínú àdéhùn náà tó fàyè gba lílé ẹnikẹ́ni jáde.